Òkun Kì í Ṣe Ìṣàwúrú

Bí ẹ bá dárúkọ Ìṣàwúrú níwájú àwọn ìyá wa ní Molútẹ̀hìn, wọn á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọn á sọ ilé ẹni tí wọ́n ti wò ó fún yín. Òun ni oníṣègùn burúkú inú Agbára Ńlá, fíìmù tí Mount Zion, ẹgbẹ́ eré ìhìnrere tí Mike Bamiloye dá sílẹ̀ ní 1985, ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Wọn kò tíì bí mi nígbà náà, ṣùgbọ́n mo ti wò ó ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo rò pé fíìmù yìí àti irú rẹ̀ kọ́ àwọn ìjọ nípa abúlé bíi tiwa, nítorí mo rí i pé ẹ̀kọ́ náà ṣì wà lára wọn títí di òní.

Rere rẹ̀ pọ̀. Yorùbá tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ jẹ́ Yorùbá ẹni tó gbọ́ èdè, kì í ṣe èyí tí a há sórí láti inú ìwé. Owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹ ó rí i lára àwòrán, síbẹ̀ ẹ̀rù ń ba ènìyàn. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan lè mú kí ara ènìyàn wárìrì, kò sì sí ìgbà tí ọ̀rọ̀ wọn tẹ́. Kì í ṣe àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ fi eré ran ìjọ lọ́wọ́. Ní 1944, nígbà tí ìjọ Aládùúrà kan ní Èkó ń wá owó kọ́ ilé ìsìn, Hubert Ogunde ló ṣe eré ọgbà Édẹ́nì fún wọn, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ tíátà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mount Zion kàn gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ inú tẹlifíṣọ̀n ni, ó sì dé ibi tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì àwọn oníwàásù kò lè dé.

Ibi tí ó ti ń dùn mí ni pé ìyọnu ìlú máa ń ní ojú kan ṣoṣo nínú irú ìtàn yìí. Ó ní orúkọ, ó ní ilé, ó ní ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn. Tí àdúrà bá ti ṣubú lé e, ìlú ti bọ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ fíìmù ìjọ tó tẹ̀ lé Agbára Ńlá ló gba ọ̀nà yìí: àwọn ará abúlé á máa gbọ̀n, ajíhìnrere á dé, òkùnkùn á lọ. Eré ni, mo mọ̀, eré sì gbọ́dọ̀ ní ọ̀tá. Ṣùgbọ́n ìjọ ti wá ń fi ìlànà eré yìí ṣe ìrànwọ́.

Lọ́dún tó kọjá, ìjọ kan láti ìlú ńlá gbé oúnjẹ wá fún àwọn tí òkun gba ilé wọn ní ọ̀kan nínú àwọn abúlé etí òkun wa. Wọ́n ya fídíò rẹ̀, ó sì tàn káàkiri orí fóònù. Kò gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kámẹ́rà tó ń fò lókè fi omi hàn, ó sì dára, kò sí ẹni tó tíì ya omi wa dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọkọ̀ mẹ́ta tẹ̀ lé e, gbogbo ẹni inú wọn wọ ẹ̀wù kan náà. Àpò ìrẹsì, páálí indomie, aṣọ ìbora. Ìyá kan kúnlẹ̀, kámẹ́rà sún mọ́ omijé rẹ̀ títí tí a fi lè kà wọ́n. Níparí, olórí wọn dúró létí òkun, ó na ọwọ́, ó pàṣẹ kí omi padà sẹ́yìn, orin sì bo gbogbo rẹ̀.

Mo ka ọ̀rọ̀ tí àwọn ará abúlé sọ nínú fídíò náà. “Ẹ ṣé” àti “Ọlọ́run á bù kún yín” ni gbogbo rẹ̀. Bàbá àgbà kan wà tó na ìka sí àárín omi tó fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n gé e níbi tí ó ti la ẹnu. Gbogbo ẹni tó bá gbé ọ̀dọ̀ wa ló mọ ohun tí bàbá tó bá na ìka sí àárín omi fẹ́ sọ. Ibi tí ilé rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ ló ń fi hàn.

Àgbà á ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Òótọ́ ni. Ebi kò mọ̀ pé kámẹ́rà wà níbẹ̀, ìrẹsì náà sì kún ìkòkò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ fídíò yàtọ̀ sí ìrẹsì. Wọ́n jẹ ìrẹsì tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Fídíò ṣì ń rìn, òun ni àwọn tí kò mọ Ìlàjẹ rí fi ń mọ̀ wá, ohun tó sì ń sọ fún wọn ni pé àwa jẹ́ ènìyàn tí omi kàn dédé dìde sí.

Omi kò dédé dìde. Ayé ń gbóná, òkun ń ga, èyí kan gbogbo àgbáyé. Tiwa tún ní àfikún. Ní agbègbè Awóyè àti Molútẹ̀hìn, àwọn ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́ nítorí iṣẹ́ epo rọ̀bì ló ṣílẹ̀kùn fún omi iyọ̀ láti wọ inú irà. Igi tó ń mu omi aláìníyọ̀ kú, gbòǹgbò tó ń di ilẹ̀ mú jẹrà, ẹja odò sá lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé ní àárín omi tí a sì ń ra omi inú ọ̀rá láti mu. Ní Ayétòrò, ọdún 2004 ni àjọ NDDC gbé iṣẹ́ odi tí yóò dá òkun dúró jáde. Ó lé ní ogún ọdún, ilé ń wọ omi, odi kò sí. Irú ọ̀tá yìí kò ní ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn. Inú fáìlì ló ń gbé. Ẹ lè pàṣẹ fún òkun láti àárọ̀ di alẹ́, fáìlì kò ní gbọ́.

Ayétòrò yìí gan-an ló yẹ kí àwọn tó ń ṣe fíìmù ìjọ wò dáadáa. Ní 1947, àwọn Ìlàjẹ tó wà nínú ìjọ Aládùúrà, tí wọ́n ń fìyà jẹ nítorí ìgbàgbọ́ wọn, kúrò nílé, wọ́n lọ tẹ ìlú tiwọn dó sórí irà. Wọ́n tako pípa ìbejì, nítorí náà ẹ má rò pé mo ń sọ pé kò sí òkùnkùn ní abúlé rí. Ó wà. Àmọ́ ọmọ abúlé ló dìde sí i. Àpò owó kan ni gbogbo wọn ń ná, wọ́n ń kan ọkọ̀, wọ́n ń hun aṣọ, iná mànàmáná sì ń tàn níbẹ̀ ní 1953 nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú orí ilẹ̀ ṣì ń tan àtùpà. (Àpò kan náà kò pẹ́ títí, wọ́n padà pín in. Fíìmù tó bá fo ibẹ̀ yẹn kò ní jẹ́ òótọ́.) Nínú ìtàn yìí, àwọn tó ń jìyà náà ni ajíhìnrere. Wọn kò dúró de ọkọ̀ ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn ìjọ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa kì í ṣe pé kí wọ́n fi kámẹ́rà sílẹ̀ ní Igbókọ̀dá. Ẹ gbé e wá. Ẹ jẹ́ kí bàbá yẹn sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà láti ya ibì kan náà, kí a lè fi ojú rí iye ilẹ̀ tó ti lọ. Ẹ kọ́ ọ̀dọ́ méjì mẹ́ta níbẹ̀ bí a ti ń ya fíìmù kí ẹ tó lọ.

Àwọn òṣèré Mount Zion sì ńkọ́, tí wọ́n mọ bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ dẹ́rù bani? Mo fẹ́ kí wọ́n ṣe eré kan tí ajíhìnrere rẹ̀ yóò gbàdúrà tán ní Ayétòrò, tí yóò wọkọ̀ lọ sí orílé-iṣẹ́ NDDC ní Port Harcourt, pẹ̀lú ìwé iṣẹ́ 2004 lábẹ́ apá rẹ̀. Wọn á ní kí ó jókòó. Wọn á ní ọ̀gá kò sí nílé. Kí ó jókòó, kí ó má lọ. Mo máa wo fíìmù yẹn dé ìparí, kódà bí ó bá gba wákàtí mẹ́ta.