Ìjókòó Kì Í Ṣe Ọ̀lẹ

Ní Ìsẹ́yìn tí mo ti ń hun aṣọ òfì, àgbẹ̀ tó ń ti oko bọ̀ á rí wa lábẹ́ àtíbàbà, á ní, "Ẹ kú ìjókòó o." Ìkíni ni, ṣùgbọ́n ẹ̀sín díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Lójú wa nílẹ̀ yìí, òógùn ni ẹlẹ́rìí iṣẹ́. A máa ń ní ẹni tó bá ṣiṣẹ́ bí ẹrú ni yóò jẹ bí ọba. Mo gbà, àmọ́ ó dá mi lójú pé ahunṣọ kọ́ ló pa òwe yẹn.

Aṣọ tó ń jáde lórí òfì wa kò fẹ̀ ju bí ínṣì 4 lọ. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni a óò rán pọ̀ kó tó di ìró tàbí agbádá, etí ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ bá etí èkejì mu. Bí mo bá gbá òwú mọ́ra dáadáa láàárọ̀, tó wá rẹ̀ mí lọ́sàn-án tí mò ń gbá a pẹ̀lẹ́, iye ìgbà kan náà tí mo ju ọkọ̀ òwú á fún mi ní aṣọ tó gùn ju ti àárọ̀ lọ. Ẹni tí kò mọ̀ á ní mo ti yára sí i. Ọjọ́ tí a bá rán an pọ̀ ni àṣírí á tú: ọnà apá ọ̀tún á ga ju ti òsì lọ. Nítorí náà, bó bá rẹ ahunṣọ, kó dìde. Ọ̀gá tó ń pariwo mọ́ ọmọṣẹ́ tó dìde na ẹsẹ̀, aṣọ ara rẹ̀ ló ń bà jẹ́.

Ká tó jókòó rárá, a ti na òwú yí èèkàn ká, a ti to àwọ̀ tẹ̀ lé àwọ̀. Fọ́nrán kan tó bá ṣi ipò níbẹ̀ á bá aṣọ lọ dé òpin; kò sí ọkọ̀ tó lè tún un ṣe. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá lórí òwú nínà ni mo ń gbé tèmi fún, mi ò sì í yọwó lórí ẹ̀. (Àwọn bàbá kan á ní ọ̀lẹ ni mí. Kí wọ́n wá wo aṣọ.) Òwú tó nà gbọọrọ níwájú mi, ẹrù òkúta la so ó mọ́, òun ló ń fà á le. Bó bá fúyẹ́ jù, òwú á dẹ̀. Bó bá wúwo jù, á já. Iṣẹ́ agbára tó wà lábẹ́ àtíbàbà wa, òkúta la gbé e fún.

Oṣù Kejìlá ni ìgbéyàwó ń pọ̀, ìgbà náà sì ni ọyẹ́ ń mú òwú gbẹ. Kó já, ká so ó, kó tún já. Àwọn tó fẹ́ aṣọ ẹbí á máa fi owó lé owó pé kí n má sùn. Mo máa ń sọ fún wọn pé oorun mi wà nínú iye tí mo pè. Ẹni tí kò bá lè dúró, ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í sùn kò jìnnà síbí.