Mo Máa Ń Wádìí Ẹbí Kí N Tó Gbé React Wọlé

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ kóòdù kíkọ ni èyí tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń sá fún. Bí wọ́n bá ní ká gbé ìkànnì kan kúrò lórí React àtijọ́ bọ́ sórí tuntun, oníkálukú á máa wo ilẹ̀. Èmi á ti nawọ́ sókè.

React, tí Facebook gbé síta fún gbogbo ayé lọ́dún 2013, ló ń gbé bọ́tìnnì àti fọ́ọ̀mù wá sójú ìwé. Ẹlòmíràn ló kọ kàlẹ́ńdà, ẹlòmíràn ló kọ àtẹ. Package là ń pè wọ́n, npm ló sì ń kó wọn jọ sínú fódà tó ń jẹ́ node_modules. Package kọ̀ọ̀kan tún ní àwọn tó gbára lé. Ẹ béèrè fún ogún, ẹgbẹ̀rún lè wọlé. Ìyàwó kan lẹ fẹ́, gbogbo ẹbí ló bá a dé, títí kan èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀. Ní Oṣù Kẹta 2016, ẹnì kan yọ left-pad tirẹ̀ kúrò lórí npm. Kóòdù ìlà 11 péré ni, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó fi àlàfo síwájú ọ̀rọ̀ lọ, síbẹ̀ iṣẹ́ dẹnu kọlẹ̀ káàkiri ayé títí wọ́n fi dá a padà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣe bí alárenà. Fáìlì package.json, níbi tí a ti ń kọ àwọn package tí a fẹ́, ni mo kọ́kọ́ máa ń kà, pàápàá àmì kékeré kan tí mo ń pè ní fìlà: ^. Bí a bá kọ ^17.0.2, à ń sọ fún npm pé kó mú ọmọ ilé 17 èyíkéyìí wá, bẹ̀rẹ̀ láti orí 17.0.2, ṣùgbọ́n kó má kan ilẹ̀kùn 18. Bí nọ́ńbà àkọ́kọ́ bá yí padà, ẹni tó kọ package ń kìlọ̀ pé ohun kan tí ẹ gbójú lé lè má ṣiṣẹ́ mọ́. (React fúnra rẹ̀ fo láti 0.14 sí 15 lọ́dún 2016. Ọmọdé ń sùn, ó jí, ó di géńdé.)

Lọ́dún 2022, lẹ́yìn tí React 18 jáde, mo ní kí n gbé ìkànnì ilé ìránṣọ kan láti 17 lọ síbẹ̀. npm kọ̀. Ó kọ ERESOLVE sí mi lójú, pé package tó ń ya àtẹ sọ nínú peerDependencies rẹ̀, níbi tí package ti ń sọ ohun tó fẹ́ bá lọ́dọ̀ onílé, pé React 16 tàbí 17 nìkan lòun lè bá gbé. Kí npm 7 tó dé lọ́dún 2020, ìkìlọ̀ lásán ni irú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á fi --legacy-peer-deps pa á lẹ́nu mọ́. Èmi náà ti ṣe é rí, n kò fi yangàn. Lọ́jọ́ yẹn mo wá ẹ̀dà tuntun àtẹ náà, mo rí i, ó parí.

Èyí tó pariwo kọ́ ló fìyà jẹ mí. Kàlẹ́ńdà tí àwọn oníbàárà fi ń yan ọjọ́ tí wọ́n máa wá wọn aṣọ wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, npm kò sọ nǹkan kan. Mo tẹ̀ ẹ́, ojú ìwé funfun báláú. “Invalid hook call.” Mo ka kóòdù mi títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, mo ń wá ẹ̀bi ara mi, kó tó wá sí mi lọ́kàn láti tẹ npm ls react, tó ń fi gbogbo React tó wà nílé hàn. React 18 jókòó lókè bí olórí ilé. Lábẹ́ kàlẹ́ńdà, React 17 wà ní yàrá ẹ̀yìn! Ẹni tó kọ kàlẹ́ńdà ti kọ React sí dependencies, ìyẹn ohun tí npm gbọ́dọ̀ bá a gbé wá, kò kọ ọ́ sí peerDependencies. Nígbà tí gbogbo ilé wà ní 17, ẹyọ kan tó àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó fura. Bí 18 ṣe dé, npm rọra fún kàlẹ́ńdà ní 17 tirẹ̀. Àgbò méjì kì í mu omi nínú akèǹgbè kan. Mo lé kàlẹ́ńdà náà lọ, mo fi input type="date" tí aṣàwákiri ti ní tẹ́lẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Ti React fúnra rẹ̀ kò le. Ìlà méjì ni mo yí padà, láti ReactDOM.render, tí a fi ń gbé ìkànnì sójú ìwé tẹ́lẹ̀, sí createRoot. Ẹni tí kò bá yí i nígbà náà, ìkìlọ̀ ló máa rí, ìkànnì rẹ̀ á sì máa ṣe bíi ti 17. Àfìgbà tí 19 dé ní Oṣù Kejìlá 2024 ni wọ́n tó yọ ti àtijọ́ kúrò pátápátá.

N kì í fi package-lock.json ṣeré. Òun ló mọ ẹ̀dà gan-an tí package kọ̀ọ̀kan jẹ́, npm ci sì ń tẹ̀ lé e láìyẹsẹ̀. N'Ìbàdàn níbí, owó ara mi ni mo fi ń ra dátà, nítorí náà mo máa ń fi --prefer-offline kún un kí npm lè mú èyí tó ti wà nílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ package fún React, ẹ jọ̀wọ́, peerDependencies ni kí ẹ kọ ọ́ sí.