Dídá Àdìrẹ Àtijọ́ Mọ̀ àti Ṣíṣírò Ọjọ́ Orí Rẹ̀

Àdìrẹ àtijọ́ kì í gbé ọjọ́ orí rẹ̀ sára. Aládìrẹ tó ya ọnà sí i kì í kọ orúkọ sí etí aṣọ, aláró tó rì í sínú ìkòkò kì í sì í kọ ọdún. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìgbà tí wọ́n ṣe ìró kan ní láti yẹ ara aṣọ náà wò: òwú rẹ̀, ojú ìrán rẹ̀, òdì rẹ̀, aró rẹ̀, kó tó wá kan ọnà tó wà lójú rẹ̀. Orí ewé ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta aṣọ àtijọ́ ti máa ń gun igi yìí. Wọ́n á dárúkọ ọnà, wọ́n á sì fi orúkọ náà ka ọdún fún oníbàárà. Ọnà gan-an sì ni ẹlẹ́rìí tó mẹ́hẹ jù, torí ìyá a máa fi í lé ọmọ lọ́wọ́, ọmọ a sì tún fi í lé ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́ láìyí i padà.

Aṣọ funfun tó ti wà kí aró tó kàn án ni ìpìlẹ̀. Lára àdìrẹ tó pẹ́ jù ni àwọn tí wọ́n so sórí kíjìpá, aṣọ tí àwọn obìnrin ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Oǹdó ń hun nínú ilé. Òwú tí a fọwọ́ ran kì í dọ́gba. A nípọn níhìn-ín, a tín-ín-rín lọ́hùn-ún, èyí sì máa ń hàn bí a bá na aṣọ náà sí ìmọ́lẹ̀. Aṣọ tí ẹ̀rọ hun, irú èyí tó ń ti Manchester wá láyé àtijọ́, kò ní àìdọ́gba yẹn. Ojú rẹ̀ tẹ́jú, ìyẹ́ adìyẹ sì lè fa ìlà tó mọ́ lórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sí, fi jẹ́ iṣẹ́ ọ̀rúndún ogún, tí àdìrẹ oníko, tí wọ́n ń fi ìko so, sì ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó bá ń pe ẹlẹ́kọ kan ní aṣọ igba ọdún ń tan ara rẹ̀ tàbí ẹni tó fẹ́ rà á.

Ìtàn aṣọ òyìnbó yìí ló mú àwọn Ìjẹ̀ṣà wọ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn òṣómàáló tó ń ti Iléṣà àti àwọn ìlú agbègbè rẹ̀ jáde ló ń gbé aṣọ kiri ilẹ̀ Yorùbá ní àwìn, tí wọ́n sì ń padà wá sin owó wọn. Ọkọ̀ ojú irin tó dé Òṣogbo nínú ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún mú kí ẹrù láti Èkó tètè dé òkè. Nítorí náà, ibi tí a ti rí aṣọ kì í ṣe ẹ̀rí ibi tí wọ́n ti ṣe é. Àdìrẹ tó jáde láti inú àpótí ìyá àgbà ní Iléṣà lè jẹ́ iṣẹ́ Abẹ́òkúta tàbí ti Ìbàdàn. Bí òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ bá ṣì wà létí aṣọ, ẹ̀rí ńlá ni: ilé iṣẹ́ ìhunṣọ Kàdúná, fún àpẹẹrẹ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957, aṣọ tó bá ní òǹtẹ̀ rẹ̀ kò lè ṣáájú ọdún yẹn. Àmọ́ òǹtẹ̀ kì í sábà kù síbẹ̀ lẹ́yìn aró àti ìfọ̀. Òwú kan tí a fà yọ tí a fi iná ràn náà lè sọ̀rọ̀: òwú gidi a jó di eérú, èyí tó bá yọ́ bí ọ̀rá ti ní polyester nínú, aṣọ náà kò sì tíì dàgbà.

Ìró àdìrẹ tó péye jẹ́ aṣọ méjì tí wọ́n rán pọ̀. Ọ̀pá aṣọ 5 ni wọ́n ń gé sí méjì, ọ̀pá 2½ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á so etí wọn pọ̀. Òwú ojú ìrán ni kí a wò. Bí òun náà bá ti mu aró, a jẹ́ pé wọ́n rán an kí wọ́n tó rì í. Bí ó bá funfun, ẹ̀yìn aró ni wọ́n rán an, tàbí kí wọ́n tún un rán. Ìrán ẹ̀rọ nìkan kò sọ aṣọ di tuntun, nítorí ẹ̀rọ ìránṣọ ti wọ ìlú tipẹ́.

Òdì aṣọ ni ọ̀pọ̀ kì í ṣí wò. Ojú kan ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ láfún sí, aró a sì rọ́nà wọlé láti ẹ̀yìn. Nítorí náà òdì ẹlẹ́kọ a máa jẹ́ búlúù lásán tàbí kí ọnà fara hàn fírífírí níbẹ̀. Ti oníko máa ń hàn lójú méjèèjì. Àdìrẹ alábẹ́rẹ́ a máa fi ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti tú òwú. Bí àlàfo àárín àwọn ihò náà bá dọ́gba délẹ̀, ẹ̀rọ ló rán an. Nínú ẹlẹ́kọ fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ìyẹ́ adìyẹ yàtọ̀ sí iṣẹ́ páànù. Ọwọ́ obìnrin tó ń ya ọnà kò lè ṣe igun méjì kó bára mu pátápátá. Àwọn ọkùnrin, ní Abẹ́òkúta pàápàá, ló ń gé ọnà sára páànù, wọ́n sì ń ti ẹ̀kọ gba ojú rẹ̀ kọjá. Níbẹ̀, ọnà kan náà ni yóò máa padà wá, ìlà rẹ̀ a sì máa já níbi tí irin ti di ara rẹ̀ mú. Àfarawé tí ilé iṣẹ́ òde òní ń tẹ̀ jáde náà ń tún ara rẹ̀ pè, ṣùgbọ́n kò ní àmì ẹ̀kọ tó sán, níbi tí aró ti yọ́ wọ inú funfun bí irun.

Aró ló máa ń tan àwọn tó gbójú lé àwọ̀ jù. Òṣogbo ń jẹ́ ìlú aró, ìtàn ìtẹ̀dó rẹ̀ kò sì yọ ìkòkò aró Ọ̀ṣun sílẹ̀. Èlú tí wọ́n gún tí wọ́n sì sá ni wọ́n ń kó sínú omi eérú, tí yóò sì kan fún ọjọ́ púpọ̀. Láti 1897 ni àwọn ará Jámánì ti ń ta aró tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, ní ọdún 1920 sí 1929 òun àti kọ́sítíìkì sódà ti ń tàn kálẹ̀ láàárín àwọn aláró Yorùbá. Ní Abẹ́òkúta, lílò wọn di ìjà ńlá ní àárín ọdún 1930 sí 1939 nígbà ayé Aláké Adémọ́lá Kejì, torí àwọn kan ní sódà ń jẹ aṣọ. Ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ sáàárín aró méjèèjì, nítorí èròjà kan náà ló ń fún wọn ní búlúù. Búlúù tó jinlẹ̀ kì í ṣe àmì èlú, èyí tó ṣá kì í sì í ṣe àmì àgbà. Oòrùn àti ọṣẹ lè sọ aṣọ di arúgbó láàárín ọdún díẹ̀.

Ọnà wúlò lọ́nà kan ṣoṣo: ó ń sọ ọdún tí aṣọ kò lè ṣáájú. Ọnà tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn ní òpó Gbọ̀ngàn Màpó ìlú Ìbàdàn nínú, 1929 ni wọ́n sì ṣí gbọ̀ngàn náà. Olóba, tó ní àwòrán Ọba George Karùn-ún àti Olorì Mary, jáde fún àjọ̀dún ọdún 25 orí oyè wọn ní 1935. Ṣùgbọ́n ọdún wọ̀nyí kò sọ ìgbà tí aṣọ kò lè kọjá. Wọ́n ṣì ń ya ọnà méjèèjì nígbà tí Jane Barbour àti Doig Simmonds tẹ ìwé wọn lórí àdìrẹ jáde ní Ìbàdàn ní 1971.

Iṣẹ́ àwọn ayàwòrán Òṣogbo ní láti dá dúró. Susanne Wenger, tó dé Nàìjíríà ní 1950, fi ẹ̀kọ ya ìtàn òrìṣà sórí aṣọ gbàgàdà. Lẹ́yìn tí Dúró Ládiípọ̀ dá ilé àṣà Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní 1962, àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán pọ̀ sí i ní ìlú náà. Níkẹ Òkúńdayé dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1983. Ara ògiri ni púpọ̀ nínú aṣọ wọ̀nyí wà fún, kì í ṣe ìdí obìnrin. Nítorí náà àìsí ojú ìrán lára wọn kì í ṣe àléébù. Kàmpálà náà ní láti dá dúró: àbẹ́là yíyọ́ àti aró oríṣiríṣi àwọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, ó sì gbòde láti ìparí àwọn ọdún 1960. Àmì rẹ̀ ni ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ níbi tí àbẹ́là ti fọ́, àti pé ojú àti òdì rẹ̀ máa ń jọra.

Ká ní ìró Ìbàdàndùn kan wà nílẹ̀: òwú rẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀rọ, igun rẹ̀ kò bára mu, òdì rẹ̀ búlúù lásán, òwú ojú ìrán rẹ̀ ti mu aró, kò sì ní polyester. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ya á, kò lè ṣáájú Màpó. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí ẹnì kan rà á tàbí tó gbé e wọ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí, ohun tó tọ́ kí a kọ sára káàdì rẹ̀ ni «1929 tàbí lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀ Yorùbá», kí a má ṣe dárúkọ ìlú.