Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Bí mo bá ti rí ọmọṣẹ́ tó ń na ọwọ́ sí fláàṣì láti fọ́mátì ẹ̀rọ oníbàárà, ọ̀gá mi ni mo máa ń rántí. Tapuráítà ló ń tún ṣe kí kọ̀ǹpútà tó dé, sùúrù tapuráítà yẹn náà ló sì gbé wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ọ̀tìgbà, ní Ìkẹjà.

Lọ́jọ́ kan, tísà kan gbé láptọ́ọ̀pù wá. Iná ti lọ nígbà tí update ń wọlé lọ́wọ́, bátìrì ò sì gbé e. Látìgbà náà, ẹ̀rọ yẹn á tàn, á máa yí, á tún bẹ̀rẹ̀. Máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta sì ti ní kí àwọn pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ọ̀gá mi ò tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ tó fi bi í pé, "Àǹtí, ọjọ́ wo ló ṣiṣẹ́ dáadáa kẹ́yìn?" Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ó kọ ọ́ sára páálí.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yìí mọ bí a ṣe ń dé ojú dúdú tí a ti ń tẹ àṣẹ, n ò ní sọ ìyẹn. Àrékérekè ibẹ̀ ni pé dísìkì tí à ń pè ní C lójoojúmọ́ lè di D. Nítorí náà, dir ni ọ̀gá mi máa ń kọ́kọ́ tẹ̀, títí yóò fi rí Users àti Windows. Ìgbà náà ló tó ní kí DISM, irinṣẹ́ Windows, ka gbogbo ẹrù update tó ti wọlé: /Get-Packages. Ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ọjọ́ rẹ̀, ó ń fi wé páálí. Ó tún ń wo kàlẹ́ńdà ara ògiri, níbi tó ti fi bírò pupa yí Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì oṣù kọ̀ọ̀kan ká, torí ọjọ́ yẹn ni Microsoft máa ń gbé update ààbò jáde. Ìka rẹ̀ dúró síbi tí wọ́n kọ Install Pending sí: ẹrù tó ti wọlé tí kò tíì rí ibi jókòó.

Orúkọ ẹrù náà gùn bí oríkì. Èmi ń pè é, ọ̀gá ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn amd64, mo pe àmì ~ kan péré. Ó dá ọwọ́ dúró. "Méjì ló wà níbẹ̀, ọmọ mi. Orúkọ tí a ò pè pé, ta ni yóò jẹ́ ẹ?" Mo tún un pè. Ó tẹ /Remove-Package, a jókòó, jẹnẹrétọ̀ ń ké níta. Àwòrán ìyá tísà, tó fi ṣe ojú ẹ̀rọ rẹ̀, ló kọ́kọ́ yọ. Obìnrin náà bú sẹ́kún.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ kì í béèrè ọjọ́ kankan. Owó táṣẹ́rẹ́, wọ́n á fọ́mátì, fọ́tò ọdún mẹ́wàá á lọ. Ìwà ọ̀lẹ nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹyọ tó bàjẹ́ nìkan ni kí ẹ yọ. Tí iná bá sì ti dúró ire, ẹ jẹ́ kí update náà tún wọlé, kí ilẹ̀kùn má baà ṣí sílẹ̀ fún olè.