Òkùnkùn Tí Wọ́n Gé Kúrò: Ẹ̀dà Méjì Láti Inú Kásẹ́ẹ̀tì Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Kan

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ojú tó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran. Ẹni tó dúró sí ojúde, tí eruku ijó ń ta sí lára, ni wọ́n ń bá wí. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ tí wọ́n wà ní òkèèrè, ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, láti inú kásẹ́ẹ̀tì tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n wọn gbà sílẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ẹni tó ń kó irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà wà lára àwọn tó ń pinnu ohun tí àrọ́mọdọ́mọ wa yóò mọ̀ nípa wa. Ó yẹ kí a máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí a ti ń yẹ ìwé tuntun wò.

Ẹ̀dà méjì ni mo fẹ́ fi wé ara wọn níhìn-ín. Inú kásẹ́ẹ̀tì VHS kan ṣoṣo ni méjèèjì ti wá: òru Ẹ̀fẹ̀ kan ní agbègbè Kétu, tí ọmọ ilé kan fi kámẹ́rà tí a ń gbé lé èjìká gbà sílẹ̀ ní 1993. Àwọn oníṣẹ́ fídíò kan ní ìhà kejì ààlà ló ṣe ẹ̀dà kìn-ín-ní. Ọmọ-ọmọ ilé náà, tó wá ẹ̀rọ fídíò àlòkù rà, ló ṣe èkejì. Wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 40 ni ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà. Ẹ̀dà kìn-ín-ní kò ju ìṣẹ́jú 50 lọ.

Ohun tí ojú kọ́kọ́ rí nínú ẹ̀dà kìn-ín-ní ni pé kò ní àwọ̀: dúdú àti funfun ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò sọ pé kásẹ́ẹ̀tì náà ti gbó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlànà SECAM, tó wá láti ilẹ̀ Faransé, ni tẹlifíṣọ̀n Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń lò nígbà náà. Ìlànà PAL ni ti Nàìjíríà. Bí a bá fi kásẹ́ẹ̀tì SECAM sínú ẹ̀rọ tó gbọ́ PAL nìkan, àwòrán yóò jáde, ohùn yóò jáde, ṣùgbọ́n àwọ̀ kò ní jáde. Ààlà tí àwọn òyìnbó fà sáàárín wa tún fara hàn níbẹ̀. Ọ̀dà tí agbẹ́gilére kùn sára ère, gèlè aláràbarà tí àwọn obìnrin yá àwọn oníjó, gbogbo rẹ̀ di eérú. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ tó gbọ́ ìlànà méjèèjì wà. Wọn kò wá a ni.

Àléébù kejì wà ní ẹsẹ̀ oníjó. Nínú irú kásẹ́ẹ̀tì yìí, àwòrán 25 ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pín sí ìlàjì méjì tí kámẹ́rà gbà ní àsìkò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tó fi jẹ́ pé ìgbà 50 ni ojú ń rí ìyípadà. Àwọn oníṣẹ́ náà ju ìlàjì kan nù kí fáìlì lè fúyẹ́ fún fóònù. Nínú ijó mìíràn, ó lè má hàn. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ṣaworo ẹsẹ̀ oníjó gbọ́dọ̀ bá ẹnu ìlù ṣe déédéé. Bí ìlù bá dákẹ́, ẹsẹ̀ náà gbọ́dọ̀ dákẹ́. Ohun tí a fi ń dá ògbóǹtarìgì oníjó mọ̀ gan-an ni wọ́n sọnù.

Síbẹ̀, mo lè gbójú fo àwọ̀ àti ẹsẹ̀. Èyí tí n kò lè gbójú fò ni òkùnkùn tí wọ́n gé kúrò. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, Apaná a máa jáde wá pa iná ojúde. Lẹ́yìn náà ni Tètèdé yóò fi orin pe Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀, Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ yóò sì júbà àwọn ìyá wa kó tó fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹ̀fẹ̀. Nínú kásẹ́ẹ̀tì náà, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 35, ojú ìwòran dúdú bí inú ìkòkò, ohùn sì ń lọ geere. Ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà rí òkùnkùn, ó ní kò sí nǹkan níbẹ̀, ó gé e. Ó fi ibi tó pani lẹ́rìn-ín sílẹ̀, ó sì da orin ìgbàlódé lé e lórí. Ẹ̀dà rẹ̀ wá dà bí ọmọ tó wọ ilé àgbà láìkí ẹnikẹ́ni, tó bẹ̀rẹ̀ sí í dápàárá. Nígbà tí UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, ogún àtẹnudẹ́nu ni wọ́n pè é. Ẹni tó kọrin lóru ọjọ́ náà ti di ará ọ̀run. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ nísinsìnyí kò bá a láyé. Ẹ̀dà yìí lè kọ́ ọ ní àwàdà. Kò lè kọ́ ọ ní ìjúbà.

Ẹ̀dà kejì sàn jù ú lọ fíìfíì. Ọmọ-ọmọ náà wá ẹ̀rọ tó gbọ́ SECAM, ó nu orí ẹ̀rọ náà, ó yí téèpù lọ dé òpin, ó sì yí i padà kó tó bẹ̀rẹ̀. Kò gé ohunkóhun. Nǹkan bíi gígábáítì 13 ni wákàtí kọ̀ọ̀kan gbà, ó sì fara mọ́ ọn. Àmọ́ iṣẹ́ tirẹ̀ náà ní àbùkù. Ó fa àwòrán náà gbòòrò kó lè kún ojú ìwòran òde òní, gbogbo ère sì di olójú pẹrẹsẹ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni agbẹ́gilére gbẹ́ wọn. Ó tún fi kọ̀ǹpútà nu ariwo téèpù kúrò, ó sì nu díẹ̀ lára ohùn àwọn elégbè mọ́ ọn. Ọpẹ́ ni pé ó tọ́jú ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí kò fọwọ́ kàn, nítorí náà àtúnṣe ṣì ṣeé ṣe.

Àkókò kò sì dúró dè wá. Ní oṣù keje 2016 ni Funai, ilé iṣẹ́ tó ṣẹ́ kù tó ń ṣe ẹ̀rọ VHS, dáwọ́ dúró. Ní 2019, UNESCO àti ẹgbẹ́ IASA kìlọ̀ nípa téèpù gbogbo àgbáyé, wọ́n sì fi 2025 ṣe gbèdéke. Ẹ̀yin tí kásẹ́ẹ̀tì wà nínú àpótí yín, ẹ má ṣe fi falẹ̀ mọ́. Kí ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni, ẹ bi í bóyá ẹ̀rọ rẹ̀ gbọ́ SECAM. Ẹ sọ fún un pé kó má gé ohunkóhun. Kí ẹ sì gba kásẹ́ẹ̀tì yín padà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ Ẹ̀fẹ̀ náà ti gba ẹ̀dà kejì. Wọ́n ní ibi tí kò ti rí nǹkan kan ló máa ń tún gbọ́ jù.