Ọwọ́ àti Ojú nínú Ẹ̀kọ́ Àwọ̀

Ojú ni ọ̀rọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń kọ́ ọmọdé nípa àwọ̀, ọwọ́ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ la ojú náà. Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn nígbà tí mo rí pósítà kan lára ògiri yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, tí àwọn ọmọ lè fọwọ́ kàn. Inú dídùn náà kò pẹ́.

Ohun méjì ni ẹni tó ṣe é ṣe. Èkíní, ó fi ọ̀rá pupa, ti ìyeyè àti ti aró sínú páálí tó ń yí. Ọmọ tó bá yí ti ìyeyè bo ti aró yóò rí àwọ̀ ewé. Olùkọ́ kọ́ ni ó sọ fún un. Ọwọ́ rẹ̀ ni. Èyí dára púpọ̀.

Èkejì, ó lẹ yanrìn mọ́ pupa, ó lẹ òwú mọ́ àwọ̀ ewé. Ibí ni mo ti takò ó. Kí ni yanrìn fi bá pupa tan? Bí ó bá jẹ́ nítorí ọmọ tí kò ríran ni, à bá gbà á bí àmì. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ kíláàsì náà ló ríran. Ẹni tó fọwọ́ pa yanrìn, yanrìn ni ó mọ̀, kò mọ pupa.

Josef Albers, tó kọ́ni ní Bauhaus ní Jámánì kí ó tó kọjá sí Amẹ́ríkà ní 1933, mọ ìyàtọ̀ yìí. Nínú Interaction of Color, tó jáde ní 1963, bébà aláwọ̀ ni ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ máa lò. Bébà kan ṣoṣo, bí a bá gbé e lé orí àwọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lè dà bí àwọ̀ méjì. Ọwọ́ ń ṣí i nípò, ojú ń rí ìyípadà.

Àwọn aláró wa náà mọ̀ ọ́n. Aṣọ tí a rì sínú aró lẹ́ẹ̀kan kò rí bí èyí tí a rì léraléra. Èdè wa pàápàá kì í sọ pé pupa kó dákẹ́: pupa fòò wà, pupa rúsúrúsú wà. Ṣùgbọ́n orúkọ kan péré ni pósítà náà kọ sábẹ́ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ kan pe ti aró ní dúdú níṣojú mi. Wọ́n ní ó ṣì í. Kò ṣì í. Ìyá àgbà tó ń pe aṣọ aró ní dúdú kò fọ́jú. Dúdú Yorùbá ni ó gbòòrò ju páálí náà lọ.

Bó bá jẹ́ tèmi ni, ǹ bá yọ yanrìn kúrò, ǹ bá fi ègé aṣọ aró márùn-ún rọ́pò rẹ̀, kí ọmọ tò wọ́n láti orí èyí tó mọ́ dé orí èyí tó dúdú jù, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí dúdú ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ méjì bá jiyàn lórí rẹ̀, ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.