Ìpín, Ìṣákọ́lẹ̀ àti Ìtẹ́: Agbára Oyè ní Scotland Àtijọ́

Àwọn òpìtàn sábà máa ń pín ìtàn oyè ní Scotland sí ọ̀nà méjì: ayé àwọn mormaer (olórí agbègbè ńlá) àti toísech (olórí ìdílé) tó ń sọ èdè Gaelic, àti ayé àwọn earl àti báróònù tó gbilẹ̀ nígbà tí Ọba David Kìíní (1124 sí 1153) bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé àṣẹ pín ilẹ̀. Ìpín yìí rọrùn láti fi kọ́ ọmọ ilé-ìwé, àmọ́ ó lè ṣi èèyàn lọ́nà. Orúkọ oyè yí padà lóòótọ́. Ohun tó ń fún oyè lágbára, ìyẹn ẹ̀tọ́ olóyè lórí ilẹ̀ kan pàtó àti ipa rẹ̀ nínú fífi ọba jẹ, dúró digbí fún ohun tó lé ní igba ọdún lẹ́yìn David.

Ìwé Deer ni ẹlẹ́rìí tó dára jù. Ìwé Ìhìnrere kékeré ni, ó wà ní Yunifásítì Cambridge lónìí. Ní ọ̀rúndún kejìlá, wọ́n fi èdè Gaelic kọ àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti ta ilé Ọlọ́run Deer ní Buchan lọ́rẹ sí àwọn àyè tó ṣófo nínú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé Matain ọmọ Caerell fi ìpín mormaer ní Altere tọrẹ, Culi ọmọ Baten sì fi ìpín toísech níbẹ̀ kan náà tọrẹ. Níbòmíràn, Ọba Malcolm ọmọ Kenneth yọ̀ǹda ìpín ọba ní Bidbin. Ẹ kíyè sí i pé ìpín tirẹ̀ nìkan ni olúkúlùkù ń fi sílẹ̀. Lójú àwọn tó kọ àkọsílẹ̀ yìí, olóyè ni ẹni tí ìṣákọ́lẹ̀ báyìí-báyìí tọ́ sí lórí oko báyìí-báyìí. Ìpín mormaer sì lè pọ̀ débi pé àjèjì kò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín òun àti ọba: nígbà tí wọ́n pa Findláech, bàbá Macbeth, ní 1020, ìwé ìtàn ọdọọdún ti Ulster pè é ní ọba, ti Tigernach sì pè é ní mormaer Moray. Shakespeare sọ ọmọ rẹ̀ di thane, bẹ́ẹ̀ alábòójútó ilẹ̀ ọba tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ jọ ni thane. Ó ti rẹ Macbeth nípò sílẹ̀ kó tó pa á.

Ẹnìkan lè takò mí pé ìwé àṣẹ David ba gbogbo èyí jẹ́. Ó fún Robert de Brus ní Annandale ní nǹkan bí 1124, ó sì fún Earl Duncan ní Fife ní nǹkan bí 1136 gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn láti ọwọ́ ọba. Ogún wá ń bọ́ sọ́wọ́ àkọ́bí. Obìnrin náà lè jogún. Mo gbà bẹ́ẹ̀, ìyípadà ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ti wà lọ́wọ́ Duncan tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ sínú ìwé fún un. Ẹ̀tọ́ tó sì mú kí earl Fife ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ìyẹn gbígbé ọba tuntun gorí ìtẹ́ ní Scone, dàgbà ju ìwé àṣẹ èyíkéyìí lọ. Nígbà tí wọ́n fi Alexander Kẹta, ọmọ ọdún méje, jẹ ọba ní 1249, earl Fife wà lára àwọn tó mú un lọ síbi òkúta ìjọba, arọ́kin kan sì fi èdè Gaelic ka ìran àwọn bàbá rẹ̀ síwájú àwọn ìjòyè tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ àlejò.

Ọdún 1306 ló fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Edward Kìíní, ọba England, ti gbé òkúta Scone lọ sí Westminster ní 1296, ọ̀dọ́mọdé tó jẹ́ earl Fife náà sì wà lábẹ́ àkóso rẹ̀. Wọ́n ti fi Robert Bruce jọba ní 25 Oṣù Kẹta kí Isabella, ọmọ ilé Fife, tó dé. Aya earl Buchan ni, ọ̀tá Bruce sì ni ọkọ rẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n tún ayẹyẹ náà ṣe kí obìnrin yìí lè gbé Bruce gorí ìtẹ́ nípò ìdílé rẹ̀. Wọ́n lè sọ pé ọgbọ́n ìṣèlú lásán ni. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa John Comyn, abánidíje rẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Dumfries nílò ohunkóhun tó lè bo àṣírí rẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ gan-an, ìdí rèé tí ẹ̀rí náà fi lágbára, torí ẹni tí ìjọba kò tíì dá lójú kì í sáré tọ ohun tí ìlú kò kà sí. Edward pàápàá kà á sí: nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ Isabella, inú àgò tí wọ́n fi igi àti irin ṣe ló há a mọ́ ní Berwick.

Oyè tí kò ju orúkọ lọ dé ní 1398, nígbà tí Robert Kẹta fi ọmọ rẹ̀ David jẹ duke Rothesay, tó sì fi àbúrò rẹ̀ Robert jẹ duke Albany. Orúkọ àtijọ́ fún ilẹ̀ àríwá Scotland ni Albany. Kò sí oko kan níbẹ̀ tí duke yóò ti gba ìṣákọ́lẹ̀ nítorí oyè yẹn. Ibi tí agbára Robert, duke Albany, wà ni Fife, torí òun ni earl ibẹ̀ látọdún 1371. Falkland, ilé olódi Fife, ni David, duke Rothesay, kú sí ní àhámọ́ Albany ní 1402. Nígbà tí wọ́n fi James Kìíní jọba ní Oṣù Karùn-ún 1424, Murdoch ọmọ Albany ló gbé e gorí ìtẹ́, gẹ́gẹ́ bí earl Fife. Ọdún kan lẹ́yìn náà James bẹ́ ẹ lórí ní Stirling, ó sì gba Fife mọ́ ilẹ̀ ọba.